Adìyẹ Ti Ń Rìn, Ìyá Ṣì Wà Lórí Bẹ́ẹ̀dì: Àkọsílẹ̀ Ẹsẹ̀ Kan ní Ṣágámù

Ọ̀sẹ̀ 15 lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbá a ni wọ́n tó gbé ìyá olóbì kan wá sọ́dọ̀ mi ní Ṣágámù. Mo ní wọ́n gbé e. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì ló gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ọ̀kan kọ́ ọ lábíyá, èkejì di ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mú bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́. Ẹni ọdún 61 ni. Kí ìjàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá wọn sọ agbọ̀n obì kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi téèpù wọn ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀, ti òsì jẹ́ sẹ̀ntímítà 33, ti ọ̀tún jẹ́ 28.

Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ìyẹn ni pé mò ń ran aláìsàn lọ́wọ́ kí ara rẹ̀ lè tún máa rìn, kó sì máa ṣiṣẹ́. Mo kọ èyí fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà, fún nọ́ọ̀sì, àti fún ọmọ tó ní òbí tó dá lẹ́sẹ̀ nílé, nítorí pé ohun tó fà á tí ẹsẹ̀ yìí fi pẹ́ kì í ṣe ìwà ìkà ẹnikẹ́ni. Ìkẹ́ ló fà á.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ tí ọ̀kadà gbá a, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ya X-ray. Eegun ojúgun ti kán ní nǹkan bí agbedeméjì rẹ̀, eegun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà kán, ṣùgbọ́n awọ ara kò ya, eegun kò sì yẹ̀ púpọ̀. Dókítà ní àwọn á fi POP dè é, pé bí kò bá dúró dáadáa, wọ́n á ki irin bọ inú eegun. Ọ̀rọ̀ irin yìí ni wọ́n gbọ́ tí wọn kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń to eegun ní abúlé, lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó.

Baba náà na ẹsẹ̀ bọ̀ sípò, ó fi òwú wé e, ó to pákánleke ọparun yí i ká, ó sì dè é. Lẹ́yìn náà ó mú adìyẹ kan, ó dá a lẹ́sẹ̀, ó to tirẹ̀ náà. Ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ ìtàn adìyẹ yìí: ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni aláìsàn náà yóò tẹ ilẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, adìyẹ ti ń tiro kiri àgbàlá. Baba wí fún ìyá pé, “Ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́ wò.”

Àwọn ọmọ kò gbà. Àbúrò ìyá ti kú lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin wọ́n gbé ìyá wálé, wọ́n gbé e gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ra fóòmù tuntun, wọ́n gba ọmọbìnrin kan tí yóò máa gbé oúnjẹ àti póò fún un. Láti ọjọ́ náà títí di ọ̀sẹ̀ 15, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá kò kan sìmẹ́ǹtì. Baba wá tú ọparun náà ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tún fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ náà.

Kí n tó lọ síwájú: mi ò polówó ẹni tó ń to eegun o. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n dè le jù títí ó fi dúdú, tí kò sí ohun tó kù ju kí a gé e lọ. Ti ìyá yìí kò rí bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ 14 ìrora kò tíì lọ, ni wọ́n bá padà sí ilé ìwòsàn. X-ray tuntun fi hàn pé eegun tò dáadáa, àmọ́ ìwọ̀nba eegun tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló yí ojú ibi tó kán ká. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nígbà tí wọ́n fi àwòrán náà hàn mí kì í ṣe ojú ibi tó kán. Gbogbo eegun tó kù nísàlẹ̀, títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ló ti ṣá, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ jù. Dókítà eegun sọ pé òun lè ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òun á fún wa ní ọ̀sẹ̀ 8 kí òun tó pinnu. Wọ́n wọ bàtà ike tó di ojúgun mú fún un, irú èyí tí orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ti lè ṣẹ́po. Augusto Sarmiento ló sọ irú ìtọ́jú yìí di mímọ̀ ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1960: kí ẹni tí ojúgun rẹ̀ kán máa fi ẹsẹ̀ náà rìn nígbà tí ó ń jiná lọ́wọ́. Ìwé tí dókítà kọ sí mi kò gùn: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ó tẹ ilẹ̀.”

Ohun tí àwọn ọmọ kò mọ̀, tí àwa náà kì í sábà jókòó ṣàlàyé, ni pé eegun kì í ṣe òpó ilé. Òpó kò mọ̀ bóyá òrùlé wà lórí òun tàbí kò sí. Eegun mọ̀. Julius Wolff, oníṣẹ́ abẹ kan ní Jámánì, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1892 pé bí a bá ṣe ń lo eegun ni eegun ṣe ń tún ara rẹ̀ tò. Ó rí i, àmọ́ kò mọ ẹni tó ń gbé ìròyìn náà fún eegun.

Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n, àwọn ohun alààyè kéékèèké tí gbogbo ara wa pín sí. Nínú sẹ́ẹ̀lì eegun àgbàlagbà, nǹkan bí 9 nínú 10 ni à ń pè ní osteocyte. Inú eegun líle gan-an ni wọ́n há sí, olúkúlùkù nínú ihò tirẹ̀, wọ́n sì na apá tín-ín-rín gba inú ojú ihò tóóró dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Omi wà nínú àwọn ihò náà. Bí a bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, eegun máa ń tẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ tí mo wí yìí kéré gan-an: ká ní eegun kan gùn tó mítà kan, ìrìn lásán kò lè mú un sún kì tó mìlímítà kan. Ṣùgbọ́n ó tó láti ti omi inú ihò wọ̀nyẹn lọ, kí omi náà sì fi ara nu apá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bó ṣe ń kọjá. Sẹ́ẹ̀lì bá mọ̀ pé ẹni tó ni ẹsẹ̀ ti dìde.

Báwo ló ṣe ń mọ̀? Àwọn ilẹ̀kùn kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tí kò ní kọ́kọ́rọ́; ẹni bá ti wọ́n ni wọ́n ń ṣí fún. Ọdún 2010 ni Ardem Patapoutian àti Bertrand Coste tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní California rí àwọn ilẹ̀kùn náà. Wọ́n wá irú sẹ́ẹ̀lì kan tí iná mànàmáná kékeré máa ń sáré nínú rẹ̀ bí wọ́n bá fi ṣóńṣó ìgò tín-ín-rín gún un, wọ́n kọ orúkọ jíìnì (àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì) 72 tí wọ́n fura sí sílẹ̀, wọ́n sì ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà tó dákẹ́. (Ẹni tó bá ti wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rí mọ irú rẹ̀.) Piezo1 ni wọ́n sọ ọ́, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ títẹ nǹkan, èkejì rẹ̀ ni Piezo2. Ní 2021 Patapoutian àti David Julius pín ẹ̀bùn Nobel. Piezo1 wà lára sẹ́ẹ̀lì eegun. Bó bá ṣí, kálísíọ̀mù á wọlé, osteocyte á sì dín ohun kan tó ń jẹ́ sclerostin kù. Bíréèkì ni sclerostin: òun ló ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ eegun dúró. Bí ẹsẹ̀ kò bá tẹ ilẹ̀, bíréèkì á le sí i, osteocyte á sì tún ránṣẹ́ pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé, àwọn tó ń jí páànù rẹ̀ kì í pẹ́ mọ̀.

Ọmọ ìyá àgbà, tíṣà ni, bi mí léèrè ọgbọ́n kan. Ó ní, “Dókítà, àbí òòfà ilẹ̀ kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì ni?” Ó wà, agbára tí ilẹ̀ fi ń fa gbogbo nǹkan wálẹ̀. Kì í ṣe òòfà ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni eegun ń mọ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń tì í padà ni. Àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ tó ń yí ayé po lókè sánmà kò bọ́ lọ́wọ́ òòfà ilẹ̀. Wọ́n ń já bọ́ pẹ̀lú ọkọ̀ wọn ni, nítorí náà kò sí ilẹ̀ tó ń ti ẹsẹ̀ wọn, eegun ìbàdí wọn sì lè máa lọ ní bí ìdá 1 sí 1.5 nínú 100 lóṣooṣù. Lórí fóòmù, gbogbo ẹ̀yìn ìyá ló pín ìwúwo rẹ̀. Ojúgun kò gba nǹkan kan. Tíṣà mi orí. “Ó túmọ̀ sí pé a ti rán màmá lọ sókè sánmà nìyẹn.”

Ọjọ́ kìíní, èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Inú mi dùn sí ìwé dókítà, mo ní kí ìyá dìde sínú wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí aláìsàn ń dì mú rìn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí òógùn bò ó, ojú rẹ̀ yí, a sáré gbé e padà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin figbe ta: “Ṣé ẹ fẹ́ pa ìyá wa ni?” Nígbà tí ara balẹ̀, mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, ó jẹ́ 128/80. Ní ìdúró, 92/58. Ó yẹ kí n ti wọ̀n ọ́n kó tó dìde. Nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fẹ ara iṣan náà, Piezo1 àti Piezo2 kan náà ni wọ́n sì ń lò. Àwọn ló ń sọ fún ọkàn pé kó sáré, kí iṣan sì sún kì, nígbà tí èèyàn bá dìde. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, omi ara rẹ̀ ti dín kù, àwọn olùṣọ́ ọrùn náà sì ti lọ́ra.

Ọjọ́ náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo nǹkan jẹ́, nítorí pé àwọn ọmọ ti rí ẹ̀rí pé àwọn jàre. Ohun tó gbà wá ni pé ìyá fúnra rẹ̀ dá wọn lóhùn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ kò mọ̀ pé olóbì ni mí? Obì tí mo bá kó sínú agbọ̀n tí n kò yí, tí n kò ṣà, kí ni mo máa ń bá níbẹ̀?” Wọn kò fèsì. Gbogbo wọn ló ti bá a ṣa obì rí ní kékeré.

A bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ márùn-ún ló fi ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ sílẹ̀, tó ń mi ọrùn ẹsẹ̀ sókè sódò, tó ń mu omi dáadáa, kí ó tó dìde. Lẹ́yìn náà mo gbé ìwọ̀n méjì sílẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń dúró lé lórí láti mọ ìwúwo ara. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ méjèèjì lórí wọ́kà. Kílò 68 ni gbogbo ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ẹsẹ̀ ọ̀tún gbé kílò 6. Ó wo ìwọ̀n náà, ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀tàn ni. Mo rò pé mo ti tẹ gbogbo ara mi lé e.” Láti ìgbà náà la kò ti sọ “díẹ̀díẹ̀” fún ara wa mọ́. Kílò la ń sọ. Èyí tó jẹ oníṣòwò lójú kò ju kó mọ iye lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí ìyá ti wà lọ́dọ̀ mi ni nǹkan tún dúró. Kílò 14, kò kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń wú lálaalẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe nílé. Àṣé àwọn ọmọ ti yí padà pátápátá: wọ́n ń mú ìyá dúró ti ògiri fún ogójì ìṣẹ́jú láàárọ̀, ogójì ní ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ní kó dúró síwájú kíláàsì. Wọ́n rò pé bó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò dára tó.

Ìdúró gbọin kò sọ ohun púpọ̀ fún sẹ́ẹ̀lì eegun. Omi inú ihò á lọ lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró. Ìyípadà ni wọ́n ń mọ̀: kí a tẹ̀, kí a gbé, kí a tún tẹ̀. Rubin àti Lanyon ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 1984, lórí eegun apá ẹyẹ ọ̀sìn. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ eegun náà, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ níye ìgbà tí wọ́n fẹ́ lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré lójúmọ́ ti tó kí eegun má ba à lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógójì mú eegun tuntun wá. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di 1,800, kò mú ju ti ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógójì lọ. Àwọn ìwádìí mìíràn lára eku tún fi hàn lẹ́yìn náà pé bí a bá ti tẹ eegun fún ìgbà díẹ̀, etí rẹ̀ á di, àfi kí a fi wákàtí mélòó kan sílẹ̀ kó tó tún gbọ́.

Mo wá kọ ọ́ sí ara ògiri yàrá ìyá: ìṣísẹ̀ 40, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, lẹ́yìn ìdáná àárọ̀, lọ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́, kó tó sùn. Kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́jọ, ni a fi ṣe akọ̀wé. Ọmọ náà le ju mí lọ. Bí ìyá àgbà bá fa ẹsẹ̀ dípò kó gbé e, kò ní ka ìyẹn mọ́ ọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá a kúrò ní kílò 14, a dé 27.

Ìgbà náà ni òkú àgbà kan ṣẹlẹ̀ ládùúgbò. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni. Ìyá ní òun kàn fẹ́ lọ kí wọn, òun á jẹ ìkọ́kọrẹ́ díẹ̀, òun á padà. Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ mo rí fídíò. Nígbà tí onílù pe oríkì bàbá rẹ̀, ó ju ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá mọ ará Rẹ́mọ mọ̀ pé mi ò lè bínú. Ẹsẹ̀ dùn ún mọ́jú, ó sì ṣì ń dùn ún lọ́jọ́ kejì títí di ìrọ̀lẹ́. A dín kílò kù sí 20 fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba ọgbọ́n jù nìyí. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ibi tí eegun kán kò fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pátápátá, kò sì fẹ́ rúkèrúdò. Goodship àti Kenwright fi hàn ní 1985 pé eegun ojúgun àgùntàn tó kán tètè jiná bí wọ́n bá jẹ́ kí ojú rẹ̀ mì ní mìlímítà kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 lójúmọ́, ju èyí tí wọ́n dè gbọingbọin lọ. Ṣùgbọ́n bí ìmìtìtì bá pọ̀ jù, ẹran bíi ti àpá àti kèrekèrè, irú èyí tó wà nínú etí, ni ara á máa hù síbẹ̀ dípò eegun. A kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn mìlímítà nínú ẹsẹ̀ èèyàn ní Ṣágámù, nítorí náà ìrora ni a fi ṣe ìwọ̀n: èyí tó bá dé nígbà ìrìn tó sì lọ kí a tó sùn, a fàyè gbà á; èyí tó bá bá wa jí, a ti ṣe jù.

Àtẹ́lẹsẹ̀ ló kù. Ìyá ń rìn, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò ní ilẹ̀. Bí mo bá ní kó pa ojú dé, á dì mí mú. Piezo2 ló wà níbí, nínú iṣan àti awọ: òun ló ń sọ fún wa ibi tí ẹsẹ̀ wa wà láìwò ó, àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n bí láìsí i kì í sì í lè dúró dáadáa bí wọ́n bá dijú. Ti ìyá ṣì wà, ó kàn ti pẹ́ tí ó ti gbọ́ nǹkan ni. A bọ́ bàtà. A rìn lórí tẹ̀rásò, lórí ẹní, lórí iyanrìn ẹ̀yìn ilé. Mi ò lè sọ pé mo mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ pé, wọ́n ya X-ray. Nínú ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tí a ń wò, eegun tuntun ti so mẹ́ta pọ̀. Ẹsẹ̀ náà ń gbé kílò 52. Dókítà fagi lé iṣẹ́ abẹ.

Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni búra pé títẹ ilẹ̀ nìkan ló so ó. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, ọ̀sẹ̀ 23 sì ti kọjá lórí rẹ̀ lápapọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jiná lọ́nà tirẹ̀, ní pẹ̀lẹ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé eegun ìsàlẹ̀ tó ti ṣá ń padà, ẹran ojúgun sì ti di sẹ̀ntímítà 31.

Lẹ́yìn rẹ̀ mo lọ kí baba tó to eegun náà. Mo bi í bó ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti tó àkókò fún adìyẹ láti rìn. Ó wò mí bí ẹni tó bi í pé báwo ni omi ṣe ń ṣàn. Ó ní, “Èmi kì í sọ fún un. Àgbàdo ni mo máa ń fọ́n sí òdìkejì àgbàlá.”

Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn tuntun ti yí padà. Kí n tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀, mo máa ń béèrè pé ta ni nílé tí kò ní jẹ́ kó dìde, mo sì máa ń ní kí ẹni náà wá, kó dúró lórí ìwọ̀n fúnra rẹ̀, kó rí bí kílò 6 ṣe kéré tó. Mo ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, ní ìjókòó àti ní ìdúró, àní bí aláìsàn bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ara òun le. Iye kílò, iye ìṣísẹ̀ àti iye wákàtí àárín wọn ni mo ń kọ sílẹ̀ fún wọn. “Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀” ni mo ti ń sọ fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó pàdé ìyá yìí, èmi náà kò sì mọ iye tí díẹ̀ jẹ́.

Ìyá ti padà sọ́jà, orí àga ló ń jókòó sí, ọmọ iṣẹ́ ló ń gbé agbọ̀n. Ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tíì tẹ̀ síwájú tó ti òsì. Kò lè lóṣòó láti ṣa obì, bí ó bá sì ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wá. Ọjọ́ Tuesday tó ń bọ̀ ni a tún máa rí ara wa.